Sir John Wynn àti Ogún Ilé Gwydir

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò lórí ilẹ̀ ẹbí ni mo fi jẹun láyé mi. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní kóòtù wa á mọ̀ pé kí wọ́n tó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú adájọ́, ìtàn ni olùpẹjọ́ á kọ́kọ́ sọ: ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ọmọ tó bí, ẹni tí ọmọ náà fi ilẹ̀ lé lọ́wọ́, àti àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Bí ènìyàn bá gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ títí, etí rẹ̀ á mú. Á mọ ibi tí olùsọ̀tàn ti sáré kọjá. Á mọ ìgbà tí wọ́n fo bàbá kan. Á sì dá irú ọ̀rọ̀ kan mọ̀, èyí tí kò ṣe ẹni tó ń sọ ọ́ láǹfààní kankan, tó sì sọ ọ́ síbẹ̀.

Etí yẹn ni mo gbé lọ sídìí ìtàn ìdílé tí Sir John Wynn ti Gwydir kọ nípa àwọn bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Wales. Mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò sì tíì rí ìwé ìran mìíràn tí ogún hàn nínú rẹ̀ kedere tó bẹ́ẹ̀: bí ogún ṣe ń sọ ọmọ ọba di tálákà, bí ó ṣe ń fa idà láàárín ọmọ ìyá, àti bí òfin tuntun kan ṣe gbé ilé kan ga lórí ọgọ́rùn-ún ilé.

Gwydir wà ní àríwá Wales, létí odò Conwy, ní òdìkejì ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Llanrwst. Òkè tí igbó bò ló wà lẹ́yìn ilé náà, pápá tútù sì wà níwájú rẹ̀ títí dé etí omi. Ọdún 1553 ni wọ́n bí John Wynn, ọdún náà gan-an tí Ọba Edward Kẹfà kú tí Mary, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gorí oyè. Nígbà tí John Wynn fúnra rẹ̀ kú ní 1627, ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógún tí ìran Tudor ti kúrò lórí ìtẹ́. Ó lọ sí Yunifásítì Oxford, ó sì kọ́ òfin ní Inner Temple ní London. Bàbá rẹ̀ kú ní 1580, ilé àti ilẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ṣojú ẹkùn Caernarfon nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1586, ó jẹ́ sheriff lẹ́ẹ̀mejì ní Caernarfon àti lẹ́ẹ̀mejì ní Meirionnydd. Ọba James fi í jẹ oyè Sir ní 1606, ó sì di baronet ní 1611.

Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dí tó báyìí ló tún jókòó kọ ìtàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Owain Gwynedd, ọba Gwynedd tó kú ní 1170, ó ń to àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Maredudd ab Ieuan, ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Wales ni àwọn akéwì fi ń ki ilé rẹ̀ ní oríkì nígbà tí wọ́n bá yà sí Gwydir, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn. Ohun tí akéwì bá sọ kò tó lójú ẹni tó ti kọ́ òfin. Ó wá ìwé àdéhùn ilẹ̀, ó wá àkọsílẹ̀ ìjọba tí wọ́n kó pamọ́ sí Caernarfon, ó sì bi àwọn àgbà léèrè. Kò sì fi ìdí tí ó fi ń ṣe é pamọ́. Lójú tirẹ̀, ìbùkún ńlá ni kí ènìyàn rí i pé ìran rere ni òun ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀dùn ọkàn sì ni fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó tí wọn kò ní bàbá tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òfin, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà inú ìwé náà ti wá. Òfin àwọn ará Wales àtijọ́ ní kí gbogbo ọmọkùnrin pín ilẹ̀ bàbá wọn dọ́gba bí bàbá bá kú. Cyfran ni wọ́n ń pè é. Orí-ò-jorí ni bí ẹ bá ní kí n fi tiwa wé e, àfi pé ọmọbìnrin kò sí lára àwọn tí wọ́n ń kà. Ọmọkùnrin tí bàbá bí síta náà ń gba ìpín tirẹ̀, bí bàbá bá ti jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín. Nígbà tí Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Gwynedd ní 1282 sí 1283, ó gbé òfin kan jáde ní Rhuddlan ní 1284. Ó yí bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ọ̀daràn padà, ṣùgbọ́n ó fi pípín ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ tí wọ́n bí síta nìkan ló yọ kúrò.

Nítorí náà, fún ohun tó lé ní igba ọdún lẹ́yìn tí ọba wọn ti kú tán, ilẹ̀ kò yé kéré sí i. Ilẹ̀ tí ọmọ ọba kan ń gun ẹṣin yí ká ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pín in ní oko mẹ́ta, oko méjì, oko kan. Ẹ̀jẹ̀ ọba ṣì wà lára wọn, wọ́n ṣì mọ orúkọ bàbá wọn dé ìran kẹsàn-án, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn túlẹ̀. Sir John kórìíra òfin yìí tọkàntọkàn. Ó dá a lẹ́bi pé òun ló sọ ìdílé òun di ẹdun arinlẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ààyè kan. Ohun tí kò rí, tàbí tí kò fẹ́ rí, ni pé òfin kan náà ló jẹ́ kí ọmọ kẹrin àti ìkarùn-ún máa jẹun lórí ilẹ̀ bàbá wọn láì di ìránṣẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Ogun sì wà níta. Owain Glyndŵr dìde sí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1400, ogun rẹ̀ sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sir John kọ ọ́ pé koríko hù lójú ọjà Llanrwst nígbà náà, àgbọ̀nrín sì ń wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1468, nígbà tí ilé York àti ilé Lancaster ń du adé, William Herbert kó ogun wọ àfonífojì Conwy fún ọba Edward Kẹrin, ó sì finá sun ún. Ẹ̀rí tí Sir John mú wá fún èyí wú mi lórí. Kò tọ́ka sí ìwé, kò tọ́ka sí àgbà kankan. Ó ní kí ẹ wá wo àwọn òkúta ahoro ilé tó wà lórí ilẹ̀ òun, pé àwọ̀ iná ṣì wà lára wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tó ń kọ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí mi kan bá lè mú adájọ́ lọ sídìí òkúta bẹ́ẹ̀, màá jókòó.

Eifionydd ni ìdílé náà ń gbé nígbà yẹn, ní gúúsù Caernarfon, lẹ́bàá òkun. Ìpànìyàn ló kún inú ìtàn ibẹ̀, láàárín àwọn tó jọ ń jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀gbọ́n dènà de àbúrò bàbá, àna dáná sun ilé àna, ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ dàgbà ó sì gbẹ̀san. Aládùúgbò ni ọ̀tá, ìbátan ni aládùúgbò, nítorí pé orí ilẹ̀ tí wọ́n jọ pín ni wọ́n jọ ń gbé. Sir John dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó jẹ̀bi nínú ìdílé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ fi ìtàn gbé ara rẹ̀ ga ì bá ti dákẹ́ níbí. Kò dákẹ́, ìdí sì nìyí tí mo fi gba ìwé náà gbọ́ ju bí mo ṣe máa ń gba ìwé ìran gbọ́ lọ.

Maredudd ab Ieuan ni ọmọ tó jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yìí. Bí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́, wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Caernarfon ní kékeré, níbi tó ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ti mọ ìwé kíkà àti kíkọ, tó sì gbọ́ Látìn díẹ̀. Nǹkan ńlá ni èyí láyé ìgbà náà. Ó fẹ́ ìyàwó ibẹ̀, ó padà sílé, ó sì rí i pé bí òun bá dúró ní Eifionydd, kò sí bí òun kò ṣe ní pa ìbátan òun, tàbí kí ìbátan pa òun. Ní ìgbà Ọba Henry Keje, ó ra ẹ̀tọ́ láti máa gbé ní ilé olódi Dolwyddelan, láàárín àwọn òkè, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Àwọn ìgárá ló ń ṣàkóso ibi tó ń lọ. Nítòsí ibẹ̀ ni Ysbyty Ifan wà, ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́, tí wọ́n kọ́ ilé àlejò síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Ilẹ̀ mímọ́ ni, sheriff kò lè wọ̀ ọ́ mú ènìyàn. Nítorí náà apànìyàn ń sá lọ síbẹ̀, olè ń sá lọ síbẹ̀, wọ́n sì sọ ibi tí ó yẹ kó jẹ́ ìsinmi arìnrìn-àjò di ibùba. Maredudd mọ èyí kó tó lọ. Àwọn wọ̀nyí ló yàn láti bá jà, nítorí pé wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Ó kọ́ ilé sí Penamnen, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Dolwyddelan síbi tó wà lónìí. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan dà bí ọjọ́ ogun fún un. Bó bá ń lọ sí ìsìn, á fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ láti ṣọ́ ilé, á ti ìlẹ̀kùn pa gbọningbọnin, á sì ní kí ẹnìkan gun orí àpáta tí wọ́n ti lè máa wo ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì pa pọ̀, kó lè figbe ta bí wọ́n bá kọlu ilé. Ogún tafàtafà ló ń tẹ̀ lé e, síbẹ̀ kì í sọ ìgbà tí òun máa jáde, kì í sì í gba ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì nínú igbó. Ẹni tó bá rí i pé ọkùnrin tó lágbára, tó sanra, tó sì mọ ọfà ta ni, á fún un ní oko láti máa gbé. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, àfonífojì náà kún fún àwọn ayálégbé tó tún jẹ́ ọmọ ogun, tí Sir John kà sí 140, olúkúlùkù pẹ̀lú ọrun, idà kúkúrú àti àkẹtẹ̀ irin. Àwọn ìgárá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ní nǹkan bí 1500, Maredudd ra Gwydir lọ́wọ́ Dafydd ap Hywel Coetmor, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí etí odò níbi tí ilẹ̀ ti dára. Ère bàbá ńlá àwọn Coetmor, tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wù ogun lọ́rùn, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Llanrwst títí di òní, níbi tí àwọn Wynn wá ń sin òkú tiwọn sí lẹ́yìn náà. Ẹni tó tà àti ẹni tó rà jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan. Maredudd kú ní 1525. Àwòrán idẹ rẹ̀ wà ní Dolwyddelan: ó kúnlẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, ihámọ́ra ogun sì wà lára rẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ gba ilé ni òfin yí padà. Ìran Tudor fúnra wọn ti Wales wá. Owen Tudor, bàbá bàbá Henry Keje, ará erékùṣù Anglesey ni. Ṣùgbọ́n Henry Kẹjọ ló fi òfin méjì, ti 1536 àti ti 1543, so Wales mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin wọ̀nyí sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù. Ó dá ipò sheriff àti ti adájọ́ àdúgbò sílẹ̀ káàkiri, ó fún àwọn ẹkùn Wales láyè láti rán aṣojú lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fòpin sí cyfran. Láti ìgbà náà lọ, àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni yóò máa jogún ilẹ̀. Àwọn ilé tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ti kó ilẹ̀ jọ ṣáájú ló jèrè rẹ̀, ilé Gwydir sì wà lára wọn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán ọmọdé kan lọ ní Caernarfon.

Orúkọ wọn pàápàá yí padà nígbà náà. Orúkọ bàbá ni wọ́n ń fi kún orúkọ ọmọ tẹ́lẹ̀: Maredudd ọmọ Ieuan ọmọ Robert. Ọmọ rẹ̀ ni John Wyn ap Maredudd, ọmọ ìyẹn ni Morys Wynn, ọmọ Morys sì ni John Wynn tiwa yìí. Nígbà tó dé orí rẹ̀, Wynn ti di orúkọ gbogbo ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọ̀wé kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fẹ́ ẹ. Àwọn ilé ìsìn àwọn mọ́ńkì náà ń tú ká lákòókò yìí. Wọ́n ti ilé Maenan pa, kò jìnnà sí Llanrwst, òkúta àti igi rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ Gwydir.

Morys Wynn fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni kẹta ni Katheryn ti Berain, tí àwọn ará Wales ń pè ní Ìyá Wales nítorí pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ ilé ńlá. Bàbá ìyá rẹ̀, Roland Velville, ni wọ́n máa ń sọ pé Henry Keje bí síta. Ọkọ mẹ́rin ni Katheryn fẹ́ láyé rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, John Salusbury, ní 1566, Richard Clough ló mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Morys Wynn ló sì mú un jáde. Morys ní kó jẹ́ kí àwọn fẹ́ra. Katheryn dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù, Clough ti sọ tirẹ̀ nígbà tí àwọn ń wọlé, òun sì ti gbà. Ṣùgbọ́n bí òun bá tún di opó, Morys ni yóò kàn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Clough, tó jẹ́ oníṣòwò ní Antwerp, fẹ́ ẹ, ó sì kú ní 1570, Morys sì fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Àwòrán tí wọ́n yà fún un ní 1568 ṣì wà ní ilé ọnà ìjọba ní Cardiff. Ẹ wo ojú obìnrin náà. Ẹni tó mọ iye ilẹ̀ tí òun ní ni.

Èyí ló dùn mí jù nínú ìwé Sir John, pé ó dárúkọ àwọn ìyá bí ẹni ń ka ààlà oko, kí a lè mọ ọmọ ta ni wọ́n àti ohun tí wọ́n mú wá, kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn. Nínú ìwé kan náà, ó fi ojú ewé tó pọ̀ ṣàpèjúwe ibi tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ti fara pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òun fúnra rẹ̀. Oyè baronet tó jẹ ní 1611 kò tíì sí láyé kí ó tó di ọdún yẹn. Ọba James ló dá a sílẹ̀ nítorí owó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san £1,095, iye tó lè bọ́ ọgbọ̀n ọmọ ogun ní Ulster fún ọdún mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó ń mú £1,000 wọlé lọ́dún, bàbá bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ẹni tó ní àmì oyè. Oyè tí wọ́n fi owó rà ni, tí wọ́n sì tún ń béèrè bàbá ńlá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Sir John ní méjèèjì.

Bí owó ṣe wọlé fún un kò dùn létí gbogbo ènìyàn. Ó wa òjé nínú òkè ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ní 1625, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kọ lẹ́tà sí Sir Hugh Myddelton, ọmọ Denbigh tó fa omi mímu wọ London, pé kó wá bá òun lé òkun padà ní Traeth Mawr kí iyanrìn ibẹ̀ lè di oko. Myddelton ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn òun. Ó di 1811 kí ẹlòmíràn tó fi òkúta dí òkun náà. Ojú Sir John ríran jìnnà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1615, Ìgbìmọ̀ tí ọba fi ń ṣàkóso Wales, tí òun pàápàá ti jókòó nínú rẹ̀, bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ òun àti Bíṣọ́ọ̀bù William Morgan ni mo máa fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Orí ilẹ̀ Gwydir ni wọ́n ti bí Morgan, ní Tŷ Mawr Wybrnant, ọmọ ayálégbé ni. Wọ́n ní inú ilé Gwydir ló ti kọ́kọ́ kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé náà. Òun ló parí Bíbélì ní èdè Wales ní 1588, iṣẹ́ tí William Salesbury ti Llanrwst àti Bíṣọ́ọ̀bù Richard Davies ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Májẹ̀mú Titun ní 1567, tí wọ́n sì fi Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀ nítorí, gẹ́gẹ́ bí Sir John ṣe kọ ọ́, wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Morgan di bíṣọ́ọ̀bù St Asaph ní 1601. Ní 1603, Sir John ní kó fọwọ́ sí i kí owó ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì Llanrwst wá sí ọ̀dọ̀ òun. Morgan ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà, nítorí yóò pa ṣọ́ọ̀ṣì náà lára. Inú bí Sir John, ó kọ lẹ́tà, ó ka gbogbo oore tí ilé òun ti ṣe fún Morgan láti kékeré sí i lẹ́sẹ̀, ó pè é ní aláìmoore. Morgan kò yí padà. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1604.

Nígbà tí Sir John wá ń kọ nípa àwọn ènìyàn pàtàkì àgbègbè rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kọ nípa ọkùnrin yìí pé ọ̀mọ̀wé ni, pé ó gbọ́ Gíríìkì àti Hébérù, àti pé tálákà ló kú. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó bá a jà, ó sì mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù tí ó kú ní tálákà kò jalè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó dá ilé àwọn arúgbó sílẹ̀ ní Llanrwst ní 1610, yàrá méjìlá, fún àwọn ọkùnrin mọ́kànlá àti obìnrin àgbà kan tí yóò máa tẹ́ ibùsùn wọn, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kò tìtorí ìyẹn dárí jì í. Wọ́n ní abẹ́ Ìtàkìtì Omi Swallow, nítòsí Betws-y-Coed, ni wọ́n ti ẹ̀mí rẹ̀ mọ́, kí omi náà máa fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ àwọn ayálégbé nìyẹn, àwọn tí kò sẹ́ni tó kọ ìwé ìran wọn.

Kí n má gbàgbé ibi tí ìwé náà ti ṣi gbogbo ayé lọ́nà. Sir John ló kọ ọ́ pé Edward Kìíní pa gbogbo akéwì Wales nítorí pé wọ́n ń fi ewì ru ọkàn àwọn ènìyàn sókè. Kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn akéwì sì ń kéwì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n òpìtàn kan rí i, ó tún un sọ, Thomas Gray sì fi kọ ewì olókìkí ní 1757. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, János Arany mú ìtàn kan náà kọ ewì ní Hungary láti fi bá olú-ọba tó ń jẹ gàba lé wọn lórí wí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Hungary mọ̀ ọ́n sórí títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn, láti inú ìwé ilé kan ní etí odò Conwy.

Ohun tí òfin tuntun náà ṣe fún àwọn ọmọ Sir John ló kù. Sidney, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Sir William Gerard tó jẹ́ adájọ́ àgbà Ireland, bí ọmọkùnrin púpọ̀ fún un. Lábẹ́ cyfran, Gwydir ì bá fọ́ wẹ́wẹ́. Wàyí o, ti àkọ́bí ni gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á lọ wá iṣẹ́ ní London. Ṣùgbọ́n àkọ́bí náà, John, kú sí Lucca ní Ítálì ní 1614 nígbà tó ń rìnrìn-àjò. Richard gba ipò rẹ̀, ẹni tó bá Ọmọ-ọba Charles lọ sí Spéìnì ní 1623 nígbà tí ìyẹn ń wá ìyàwó. Òun ló kọ́ ilé àdúrà Gwydir mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Llanrwst ní 1633, níbi tí pósí òkúta Llywelyn Ńlá, ọba Gwynedd, wà lónìí, láìsí òkú nínú rẹ̀. Richard kò bímọ. Oyè bọ́ sọ́wọ́ Owen àbúrò rẹ̀, láti ọwọ́ Owen ó bọ́ sọ́wọ́ Richard mìíràn, ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kú ní 1674, Mary ọmọbìnrin rẹ̀ ni ajogún.

Mary fẹ́ Robert Bertie, ọmọ ilé ọlọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1678, gbogbo Gwydir sì bá a lọ. Oyè baronet nìkan ló dúró lọ́wọ́ John Wynn, ọmọ-ọmọ Sir John. Nígbà tí ìyẹn kú láìní àrólé ní 1719, oyè náà kú. Ìbátan rẹ̀ kan, Watkin Williams, gba ilé mìíràn tó fi sílẹ̀, Wynnstay, ó sì fi Wynn kún orúkọ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin 1543 ti jáde sí ìgbà ìgbéyàwó Mary jẹ́ ọdún 135. Cyfran lo ju ìyẹn lọ kó tó sọ àwọn ọmọ Owain Gwynedd di àgbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣì wà lórí ilẹ̀ Gwynedd nígbà tí wọ́n di àgbẹ̀.

Gwydir fúnra rẹ̀ ṣì dúró. Ní 1921, wọ́n tú igi tí wọ́n fi bo ògiri yàrá ìjẹun rẹ̀ tà fún William Randolph Hearst ti Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé ọnà Metropolitan ní New York lẹ́yìn náà. Àwọn tó ni ilé náà nígbà náà lọ gbà á padà ní 1996. Àwọn lẹ́tà ilé náà, láti 1515 títí dé 1690, ti ní ìwé àkójọ tó jáde ní 1926, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá lè dé Aberystwyth kó lọ wò wọ́n ní ibi ìkàwé ìjọba Wales, nítorí pé níbẹ̀ ni ìbínú Sir John àti ìdáhùn Morgan ti fojú kojú.

Ìtàn ìdílé náà kò di ìwé títẹ̀ nígbà ayé ẹni tó kọ ọ́. Àwọn onílé ńlá ń dà á kọ fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí di 1770, nígbà tí Daines Barrington gbé e jáde. Adájọ́ ni Barrington, agbègbè Caernarfon àti Meirionnydd ló ti ń gbọ́ ẹjọ́, níbi kan náà tí àwọn ọmọ Maredudd ti ń pa ara wọn nítorí ààlà.